Òṣòó Lẹ́nu Ọ̀nà

Náírà kan àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúnàádúrà, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé,
ẹni tí n kò fojú rí rí,
ohùn lásán nínú fóònù, ohùn tó máa ń jẹun bó ṣe ń sọ̀rọ̀.
"Ẹ̀yin ará Iléṣà," ó ní, "owó ilé yín kò wọ́n,
ẹ kì í náwó ọkọ̀ bíi tèmi l'Ékòó,
ẹ jẹ́ kí n san náírà kan."
Mo ní kò gbà. Ó fi àádọ́ta kọ́bọ̀ lé e.
Ta ló tún ń ka kọ́bọ̀ láyé yìí?
Èmi ni.

Mo kọ̀wé fún un lórí àga onírọ̀rí,
èmi tí mò ń jókòó lórí kéègì òfìfo.
Mo kọ ọ́ lórí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé,
bí wọ́n ṣe ń da oògùn sí i kó má baà di ọ̀gọ̀dọ̀;
ní Òkèṣà níbí, ó di ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹ̀rọ omi ti dákẹ́.
"Má ki 'nítorí náà' bọ̀ ọ́ jù," ó ní,
"o fẹ́ fi jẹ owó mi ni."
Òótọ́ ni.
Lóru ọjọ́ tí gáàsì tán,
"pẹ̀lúpẹ̀lù" mẹ́rin àti "ní kúkúrú" méjì ni mo fi ra gaàrí.

Orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀,
dókítà kan tí kò sí níbì kankan,
tí wọ́n wá fọ́tò fún, tó ń rẹ́rìn-ín.
Ìyá mi ka ọ̀kan. Ó ní, "Dókítà yìí mà gbọ́n o."
Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Oṣù kejì kọjá, owó kò wọlé.
Ó ní báńkì ni. Ó ní ìyàwó òun bímọ.
Ó ní kí n ṣì kọ márùn-ún sí i ná.

Bàbá tó bí ìyá mi, Fámúrewà, ta aṣọ láwìn
láti Iléṣà títí wọ ilẹ̀ Tápà.
Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè sá wọ yàrá,
yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé fìlà lé orúnkún:
òṣó ni màá ló gbowó mi.
Kò ní jẹun wọn, kò ní jókòó lórí àga wọn.
Àwọn ọmọ ilé yóò fò ó kọjá lọ síléèwé,
wọn yóò dé, wọn yóò bá a níbẹ̀,
títí ìtìjú yóò fi tú àpò.
Ẹ wí fún mi, bàbá:
níbo lẹnu ọ̀nà ẹni tó ń gbé inú fóònù?

Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ni mo wí, n kò wí owó.
N kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́,
mo bá ké sí Ìlésanmí ọmọ oníbúrẹ́dì Omi Asọ̀rọ̀,
tó ń retí èsì ìdánwò rẹ̀.
Mo ní, "Ọgọ́rin kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan."
Ó ní ó kéré, àǹtí.
"Ìwọ tó ń gbé ilé ìyá ẹ, owó ilé wo lò ń san?"
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ.
Ó dà bí ẹni pé oúnjẹ wà lẹ́nu mi.

Ọmọ náà sì mọ̀wé-é kọ jù mí lọ.
Ó kọ ọ́ pé ìrọ̀rí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn sunkún.
Ṣówándé pa gbólóhùn náà rẹ́. Ó ní kò lè tajà.

Láàárọ̀ òní mo ṣílẹ̀kùn,
Ìlésanmí rèé, lórí òṣòó,
fìlà lórí orúnkún.
Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò dìde.
Mo gbé àga fún un, ó mirí.
Mo bu tíì, ó ní òun ti mu nílé, irọ́ ni.
Nígbà tó yá, èmi náà lóṣòó síwájú rẹ̀,
orúnkún kojú orúnkún,
fóònù láàárín wa lórí símẹ́ńtì,
à ń wò ó
bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn.